Káàdì Toyibat

Orúkọ mi ni Silas, ará Ìlaró ni mí, ṣùgbọ́n nínú ilé-iṣẹ́ wa ní Sango, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ oníke, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Bàbá Ìwé ni mí fún tọmọdé tàgbà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó sẹ́nu gétì pẹ̀lú ìwé ńlá kan níwájú mi, tí mò ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Bí o bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti kọ ọ́. Bí o bá ní sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ló dá ọ dúró, màá kọ́kọ́ wò ọ́ títí ojú á fi tì ọ́, lẹ́yìn náà màá kọ ọ́. N kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́, n kò sì sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni lè bá mi kẹ́dùn. Mò ń sọ ọ́ nítorí Rauf, àti nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àṣàbí, àti nítorí ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí n ti sọ láti oṣù kìíní ọdún yìí, tí mo gbé mì.

Ọmọ Ojú Ọrẹ ni àwọn méjèèjì, ilé àwọn Mùsùlùmí tó ti pẹ́ nílùú Ọ̀tà. Rauf jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà tí ìyá wọn kú, bàbá wọn sì ti ṣáájú. Àṣàbí jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún nígbà náà, ó sì ní àfẹ́sọ́nà kan tó fẹ́ mú un lọ sí Ìbàdàn. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n fi Rauf sílẹ̀ fún àwọn ẹbí bàbá wọn. Àṣàbí ní kò burú, ó sin ọkùnrin náà dé gáréèjì, ó ní ó dàbọ̀. Kò sì fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọ ilé-iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí kásúà, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí wọn kò gbà tán, tí wọ́n lè ní kó má wá lọ́la. Pákíǹgì ló wà, níbi tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí. Ó ga, ó tín-ín-rín, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé gétì. "Bàbá Ìwé, ẹ kọ mí kó dúdú o" ni kíkí rẹ̀ láràárọ̀. N kì í fẹ́ràn ẹnikẹ́ni ní aago mẹ́fà àárọ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ tirẹ̀ kó dúdú.

Iṣẹ́ yẹn ló fi rán Rauf lọ sí pólì. Nígbà tó jáde, wọ́n gbà á sí ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà wa, kásúà lòun náà. Wáyà ló ń fà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń tún ṣe. Lọ́dún tó kọjá ni máníjà wa, Ọ̀gbẹ́ni Fọlájìmí, kéde pé ilé-iṣẹ́ ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú kí kọ̀ǹpútà máa dá iṣẹ́ ṣe. Ó ní ẹni tó bá gba sátífíkéètì rẹ̀ kí ọdún tó yí po, òun yóò fún un ní lẹ́tà, yóò sì di òṣìṣẹ́ gidi. Ọjọ́ kejì ni Rauf forúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe kékeré. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń lọ sí kíláàsì lókè ilé oògùn kan ní Ojú Ọrẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀, fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń wò, ilé gétì mi ló sì ti ń wò ó bí wọ́n bá fún wọn láyè oúnjẹ, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára níbẹ̀, mo sì ní fáànù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò kàn mí. Ó ní èèyàn á kọ ohun tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á sì máa ṣe é lọ láìsinmi, láìbínú, láìgbàgbé. Mo bi í bóyá ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kò gbọ́n rárá, ó kàn ń gbọ́ràn ni. Ohun tí o kò bá sọ fún un, kò sí láyé lójú tirẹ̀. Mo ní mo ti ní irú ọmọ ọ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo ní kó gbé ìkòkò kaná, ó gbé e kaná láìbu omi sí i. A jọ rẹ́rìn-ín. N kò mọ ohun tí mò ń fi rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Dásọ́lá, fún wọn ní òfin kan tí Rauf kọ sí bébà tó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Òfin náà ni pé kí èèyàn tó kọ ìlà kan, kó lọ jókòó ti ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà, kó bi í ní gbogbo ìbéèrè tó wà níkùn rẹ̀. Nígbà tó bá sì bi í tán, kó tún bi í ní ẹyọ kan sí i: kí ló kù tí n kò béèrè?

Ìdánwò náà ní apá méjì. Apá kìíní jẹ́ ìbéèrè, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, kámẹ́rà á dojú kọ ọ́, ẹnì kan tí o kò rí níbì kan lókè òkun á máa ṣọ́ ọ. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ yàrá, ohùn kò gbọdọ̀ dún. Nígbà àkọ́kọ́ tí Rauf jókòó, ó ku ìbéèrè mọ́kànlá péré nígbà tí Gbọ́ládé, ará ilé wọn, ṣílẹ̀kùn wọlé láìkànkùn, ó ní kí wọ́n yá òun ní áyọ́ọ̀nù. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ fagi lé ìdánwò náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ilé wo ní Ọ̀tà ni èèyàn ti ń kànkùn kó tó yá áyọ́ọ̀nù? Rauf sunkún bí ọmọ kékeré. Nígbà kejì, Àṣàbí tọrọ àyè lọ́wọ́ súpáfáísọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá fún wákàtí mẹ́ta gbáko. Ó bẹ ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀, ó bẹ ìyá tó ń lọ ata, ó ra gúgúrú fún àwọn ọmọ ilé kí ẹnu wọn lè dí. Gbọ́ládé fúnra rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò wúkọ́.

Rauf yege. Ní ọjọ́ náà gan-an, Àṣàbí ra ìṣó, ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ níbi tí sátífíkéètì yóò wà, nígbà tí apá kejì kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un pé a kì í sọ ọmọ lórúkọ kí wọ́n tó bí i. Ó ní Bàbá Ìwé, ìbẹ̀rù yín ti pọ̀ jù.

Apá kejì ìdánwò jẹ́ iṣẹ́. Rauf gbọ́dọ̀ mú iṣẹ́ kan tí èèyàn ń fi ọwọ́ ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó mú kí kọ̀ǹpútà máa ṣe é, kó sì fi ránṣẹ́ sí wọn ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Iṣẹ́ mi ló mú. Inú mi kò dùn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Fọlájìmí ti fọwọ́ sí i, ó ní gétì ò gbọdọ̀ máa lo bírò mọ́ láyé òde òní. Ó sì ku ọdún kan tí màá fẹ̀yìn tì, tí màá gba owó ìfẹ̀yìntì mi. Kí ni n bá fi ẹnu mi wá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìdúró báyìí, nítorí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kásúà tó bá pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ méje léra, wọn yóò gba káàdì rẹ̀, wọn yóò fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ̀. Òfin náà kò mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò mọ ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Nítorí náà làwọn obìnrin Pákíǹgì ṣe máa ń dúró fún ara wọn. Bí ọ̀kan bá bímọ, àwọn tó kù á pín ọjọ́ rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ọjọ́ bá kàn á ṣe ṣíìfù àárọ̀ tirẹ̀ láti aago mẹ́fà sí aago méjì, á tún wà nínú ilé-iṣẹ́ lórí káàdì ìyá ìkókó náà títí di aago mẹ́wàá. Èmi ni mo wà lẹ́nu gétì, mo sì mọ̀. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Orúkọ ìyá ìkókó ni màá kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n màá fi bírò pupa tọ àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n lè rántí pé ojú ẹlòmíràn ló wà nínú. Nígbà tí wọ́n bá ń dánra wò de ọjọ́ tí iná lè ṣẹ́yọ, tí gbogbo èèyàn sáré jáde sábẹ́ igi máńgòrò, ojú ni mo fi ń ka èèyàn. Bí mo bá dé ibi àmì pupa, màá wá ojú ẹni tó dúró kàn.

Nígbà tí Rauf wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ìfun rẹ̀ lu, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àṣàbí lò lọ́sibítù. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àdìzát ló kó àwọn yòókù jọ tí wọ́n fi dúró fún un. Àdìzát ti kú báyìí, ọmọ rẹ̀ Toyibat ló wà ní Pákíǹgì. Nínú oṣù Kejìlá, Toyibat bímọ. Àṣàbí ni ẹni àkọ́kọ́ tó mú ọjọ́ tirẹ̀: gbogbo ọjọ́ Túsìdeè.

Ó wá bá mi ní gétì, ó ní kí n má sọ fún Rauf. Ó ní ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá, bó bá mọ̀, ó di dandan kó yàn láàárín òun àti iṣẹ́ rẹ̀, òun ò sì fẹ́ fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé e lórí. Ilé Toyibat ni òun sọ fún un pé òun ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́, láti bá a tọ́jú ọmọ. Mo gbà.

Ní oṣù kìíní, Rauf jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ béèrè ni, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó bi mí nípa ẹni tó pẹ́, ẹni tó gbàgbé káàdì, ẹni tó jáde lọ ra oúnjẹ. Ó ya fọ́tò ojú ìwé mi láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Níbi tó ti ń yà á ló ti fi ìka kan àmì pupa kan.

"Bàbá, àmì wo rèé?"

"Bírò tó ń tú ni," ni mo wí.

Ó wò mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ padà, mo rí bébà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó ku ẹyọ ìbéèrè kan," ni ó wí. "Kí ló kù tí mi ò béèrè?"

Mo ronú kan owó ìfẹ̀yìntì mi. Mo ronú kan ìlérí tí mo ṣe fún Àṣàbí. Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ títí dòní ni pé n kò mọ èwo nínú méjèèjì ló di ẹnu mi. Mo ní kò sí nǹkan tó kù.

Nínú oṣù kejì, ohun tí Rauf ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n fún gbogbo èèyàn ní káàdì tuntun tí wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ lẹ́nu gétì. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ orúkọ, òun ló ń ka àwọn tó wà nínú, òun náà ló ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù Ọ̀gbẹ́ni Fọlájìmí. Wọ́n gbé irú ẹ̀rọ kan náà sábẹ́ igi máńgòrò, kí èèyàn lè fi káàdì kàn án bí iná bá ṣẹ́yọ. Wọ́n gbé ìwé mi lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí n máa ṣí gétì, kí n sì máa tì í.

Àwọn obìnrin ò dá ìdúró dúró, wọ́n kàn yí i mọ́ ẹ̀rọ ni. Ẹni tó dúró ti wà nínú tẹ́lẹ̀, kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ jáde wá fi káàdì kan ẹ̀rọ. Nítorí náà, Mọ̀nsúrát, ọ̀rẹ́ Àṣàbí tó máa ń wá fún ṣíìfù ọ̀sán, ni ó ń kó káàdì wọn. Bó bá dé ní aago méjì, á gba káàdì Àṣàbí lọ́wọ́ àwọn ará àárọ̀ tó ń jáde, á fi kàn án pé ó ti jáde, á fi ti Toyibat kàn án pé ó ti wọlé, á sì fi tirẹ̀ kàn án. Mo rí i. Mo wo òkè.

Wọ́n dánra wò lọ́jọ́ Túsìdeè kan. Agogo dún, gbogbo èèyàn sáré jáde, wọ́n tò síwájú ẹ̀rọ. Láyé tèmi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ojú ẹ̀rọ ti di àwọ̀ ewé: gbogbo èèyàn ti pé. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́, Ọ̀gbẹ́ni Fọlájìmí gbá Rauf mọ́ra. Èmi rí ọwọ́ Mọ̀nsúrát tó kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú káàdì tirẹ̀ àti ti Toyibat. Àṣàbí wà níbẹ̀ o, ó ń rẹ́rìn-ín sí àbúrò rẹ̀ láàárín èrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ó wà níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ní èèyàn ti pé.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn náà. Mo ní ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn kò dára, ẹnì kan á kú síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní kí n fi èpè sílẹ̀. "Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Toyibat padà, Bàbá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ Rauf wọlé ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rí lẹ́tà rẹ̀ gbà ná." Ó kúnlẹ̀ lórí koríko níbẹ̀. Mo ní kó dìde, pé mo ti gbọ́.

Sátífíkéètì náà dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n fi férémù sí i, wọ́n gbé e kọ́ sórí ìṣó tó ti ń dúró dè é. Lẹ́tà kò tíì dé.

Bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lẹ ọ̀rá ní Pákíǹgì ti ń rùn. Súpáfáísọ̀ gbé fáànù tì í, ó ní ooru ló ń mú un. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òórùn náà dé ilé gétì. Mo bú wọn, mo ní wọ́n fẹ́ sun wá níná, wọ́n ní Bàbá Ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Túsìdeè, aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo rí èéfín dúdú lórí òrùlé Pákíǹgì, agogo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Wọ́n sáré jáde. Iná ọ̀rá àti páálí, kì í fún èèyàn láyè. Wọ́n tò síwájú ẹ̀rọ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń fi káàdì kàn án. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ iná ti wọ bàtà, wọ́n ti fa rọ́bà omi, wọ́n ń dúró de àṣẹ bóyá kí wọ́n wọlé. Rauf dúró ti ojú ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ náà di àwọ̀ ewé.

"Rauf, everybody don come out?" Ọ̀gbẹ́ni Fọlájìmí ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Yes sir. Ó pé. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún wọlé, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún jáde."

Máníjà ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí wọ́n dúró síta kí wọ́n máa da omi sí i. Àṣẹ tó dáa ni. Bí mo bá jẹ́ òun, bí n óò ṣe pa á nìyẹn.

Mo wá ojú Àṣàbí. Mo wò ó láàárín àwọn tó wúkọ́ jókòó sílẹ̀, n kò rí i. Mo lọ sẹ́yìn igi, n kò rí i. Mo lọ sẹ́yìn tírélà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo wo Mọ̀nsúrát, mo rí i pé òun náà ń wá ẹnì kan, ó ń na ọrùn káàkiri, káàdì méjì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rò pé Àṣàbí ti ṣáájú òun jáde. Nígbà náà ni mo rántí pé àwọn tó bá ṣe ṣíìfù méjì máa ń kí ìrun Alásàrí tán, wọ́n á sùn díẹ̀ lẹ́yìn páálí ní ìsàlẹ̀ Pákíǹgì, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kí wọ́n lè dé aago mẹ́wàá. Gbogbo wa la mọ ibẹ̀. Kì í ṣe ibi tí agogo ń dé dáadáa.

Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Láti ìgbà tí ojú ẹ̀rọ di àwọ̀ ewé títí di ìgbà tí mo la ẹnu, ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. N kò lè sọ pé wíwá ni mo fi gbogbo rẹ̀ wá a. Ìṣẹ́jú kan wà nínú rẹ̀ tí mo kàn dúró.

"Rauf, Àṣàbí wà nínú."

Ọmọ náà yíjú sí mi. Kò bẹ̀rù rárá. Ó fi ìka kan ojú ẹ̀rọ láti fi ọkàn mi balẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbàlagbà tí nǹkan ò yé. "Rárá, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ti jáde ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ wò ó, ó wà níbí."

"Kò jáde. Òun ló dúró fún Toyibat."

Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo Mọ̀nsúrát, ó wo káàdì méjì tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Mọ̀nsúrát jókòó lulẹ̀. Rauf sáré lọ sínú èéfín, èèyàn mẹ́rin ló dì í mú. Àwọn oníṣẹ́ iná wọlé, wọ́n gbé Àṣàbí jáde láti ẹ̀yìn páálí. Iná kò kàn án. Híjáàbù tó fi ṣe ìrọ̀rí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èéfín ló pa á, ó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ṣe fídáù rẹ̀, mo jókòó lẹ́yìn pátápátá, mo wo ìṣó àti férémù lára ògiri. Toyibat wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, kò lè gbé ojú sókè. Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà o. Mo wà lẹ́nu gétì rẹ̀ gan-an.

Àwọn aláṣẹ fi lẹ́tà méjì ránṣẹ́ sílé náà. Èkínní ni lẹ́tà tí Rauf ń retí, pé ó ti di òṣìṣẹ́ gidi. Èkejì sọ pé kọ̀ǹpútà gétì fi hàn pé olóògbé ti parí iṣẹ́, ó sì ti kúrò nínú ilé-iṣẹ́ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, nítorí náà kì í ṣe ẹnu iṣẹ́ ló kú sí. Ohun tí àbúrò rẹ̀ ṣe ni wọ́n fi jẹ́rìí. Wọ́n ti kun Pákíǹgì ní ọ̀dà tuntun báyìí, wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni Rauf wá sílé mi ní Ijoko. Ó ti rù. Ìyàwó mi gbé omi fún un, kò mu ún. Mo ti ń múra bí màá ṣe bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àṣàbí. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo ju bàbá rẹ̀ lọ. Kò fún mi láyè. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣí fọ́tò ojú ìwé mi, èyí tó yà ní oṣù kìíní. Ó fi ìka kan àmì pupa kan, ó tún kan òmíràn.

"Bàbá, bírò kì í tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nìkan."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó dárí jì mí.

Ó mi orí. Kò wò mí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Mo rí i nígbà yẹn. Mo to gbogbo orúkọ tó ní àmì sọ́tọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kẹta tí mo jókòó tì yín, mo rí i pé ìyá ìkókó ni gbogbo wọn, mo rí orúkọ Toyibat ní gbogbo Túsìdeè tí ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń lọ bá a tọ́jú ọmọ nílé. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Bí mo bá bi yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó sọ fún mi, màá sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Mo sọ fún ara mi pé bírò ni."

Bébà olùkọ́ rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù náà, etí rẹ̀ kan ti ká.

Nígbà tó yá, ó ṣí ojú ìwé òfìfo kan, ó ní òun fẹ́ kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí àwa méjèèjì sì fọwọ́ sí i, kí òun gbé e lọ fún àwọn aláṣẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ohun yòówù tí wọ́n bá fi ṣe lẹ́tà òun àti owó ìfẹ̀yìntì mi. Ó wá bi mí ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kejì: kí ló kù tí òun kò béèrè?

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, láti orí Àdìzát.